Jíà Pọ́ǹpù Dísù: Ìtàn Àsìkò Nínú Ẹ́ńjìnnì

Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní yunifásítì láyé ijọ́un ti di oníbúrẹ́dì báyìí, jẹnẹrétọ̀ dísù ló sì fi ń ṣiṣẹ́. Ó kọ̀wé sí mi pé àwọn mẹkáníìkì fẹ́ yọ pọ́ǹpù ẹ́ńjìnnì òun lọ fún àtúnṣe. Odidi ọ̀sán ni wọ́n fi wá irinṣẹ́ tí wọn yóò fi fa jíà kan ṣoṣo yọ, wọ́n sì gbowó gidi lé e. Ó ní, "Prof, ṣé wúrà ni jíà yìí ni? Kí ló dé tí wọn ò fi òòlù gbá a jáde?" Mo dá a lóhùn lórí fóònù, àmọ́ ìdáhùn tó péye ju ti orí fóònù lọ, nítorí ìtàn ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló wà nídìí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ wò ná. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì mi mọ̀ pé àìsàn mi nìyẹn. Pọ́ǹpù lẹ́nu wa lè jẹ́ ti omi, ó lè jẹ́ èyí tí a fi ń fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́. Jíà ní tirẹ̀, ohun tí awakọ̀ ń fọwọ́ tì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Pọ́ǹpù tí mò ń sọ níhìn-ín ni èyí tó ń ti dísù lọ sí àwọn nọ́sù, tí àwọn nọ́sù sì ń fín in sínú ẹ́ńjìnnì. Jíà rẹ̀ ni irin róbótó eléyín tó wà lórí ọ̀pá pọ́ǹpù náà, níwájú ẹ́ńjìnnì, lẹ́yìn ìdérí. Dísù fúnra rẹ̀ ńkọ́? Orúkọ ènìyàn ni. Orúkọ ìdílé ọkùnrin kan la fi ń ra epo ní lítà-lítà.

Rudolf Diesel ni ọkùnrin náà. Paris ni wọ́n bí i sí ní 1858, ṣùgbọ́n ọmọ Jámánì ni àwọn òbí rẹ̀. Èrò tó gbé kalẹ̀ ní 1892 rọrùn láti sọ, ó le láti ṣe: bí a bá tẹ afẹ́fẹ́ pọ̀ gan-an, yóò gbóná; bí ó bá sì gbóná tó, epo tí a bá fín sí i yóò gbiná fúnra rẹ̀, láìsí púlọ́ọ̀gì. Ẹni tó bá ti fi pọ́ǹpù fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí, tó sì fọwọ́ kan ìdí pọ́ǹpù náà, ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ yìí. Ní oṣù kejì ọdún 1897, ní ìlú Augsburg, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ń jẹ́ Moritz Schröter dán ẹ́ńjìnnì náà wò. Nǹkan bí ìdá 26 nínú 100 agbára tó wà nínú epo ló sọ di iṣẹ́. Kò sí ẹ̀rọ onísítíìmù ìgbà náà tó sún mọ́ ọn.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ jíà wa ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù, iná púlọ́ọ̀gì ló ń pinnu ìgbà tí epo yóò jó. Ti dísù kò rí bẹ́ẹ̀: ìgbà tí epo bá wọlé ló ń jó. Bí ó bá tètè wọlé jù, ẹ́ńjìnnì á máa kan gbàgbàgbà, ìnira á sì dé bá pístìnnì. Bí ó bá pẹ́ jù, agbára á lọ, èéfín funfun á máa jáde, epo á sì máa ṣòfò. Ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní táímìn kò ju èyí lọ.

Diesel kò rí pọ́ǹpù tó lè ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa. Afẹ́fẹ́ alágbára ló fi ń fẹ́ epo wọlé, ẹ̀rọ ńlá tó ń pèsè afẹ́fẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Nínú ilé iṣẹ́, kò burú. Nínú ọkọ̀ ojú omi, ó dára púpọ̀. Selandia tí àwọn ará Dẹ́ńmáàkì kàn ní 1912 jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sínú lọ́rì? Diesel kò rí ìdáhùn rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án 1913, ó wọ ọkọ̀ Dresden láti Antwerp lọ sí Harwich ní England. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí nínú ọkọ̀ mọ́. Títí di òní ni àwọn ènìyàn ń jiyàn lórí bó ṣe kú. Èmi ò ní dá sí i.

Robert Bosch ti Stuttgart ló tú sọ́ọ̀bù yìí. Kì í ṣe pé òun ló kọ́kọ́ ronú rẹ̀ o. Herbert Akroyd Stuart ti fi pọ́ǹpù ti epo láìlo afẹ́fẹ́ ní England ní 1890, Prosper L'Orange sì ti ṣiṣẹ́ lé e lórí ní Mannheim láti 1909. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń dáná sí púlọ́ọ̀gì ni Bosch ti fi di olókìkí, ó ti mọ ohun tó ń jẹ́ iṣẹ́ tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ lásìkò. Ní ìparí 1922 ó pinnu láti ṣe pọ́ǹpù dísù. Ní 1927 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é tà. Irin tó ń lọ sókè-sódò nínú rẹ̀ bá ihò rẹ̀ mu débi pé àlàfo àárín wọn kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìrun orí. Ní 1936, Mercedes-Benz gbé 260 D jáde, ọkọ̀ kékeré tí dísù ń wà. Lọ́rì 911 tí àwa àgbà rántí, ọmọ-ọmọ iṣẹ́ yìí ló jẹ́.

Wàyí o, ta ni yóò sọ fún pọ́ǹpù pé àsìkò tó? Jíà ni. Kíráńkì ń yí lẹ́ẹ̀mejì kí iná tó jó lẹ́ẹ̀kan nínú ihò pístìnnì kọ̀ọ̀kan, nítorí náà pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀kan. Jẹnẹrétọ̀ tí kíráńkì rẹ̀ ń yí ní ìgbà 1500 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 750 ni pọ́ǹpù rẹ̀ ń yí. Dígírì kan lára kíráńkì yẹn jẹ́ ìdá kan nínú 9000 ìṣẹ́jú àáyá. Ká ní jíà pọ́ǹpù ní eyín 60. Bí ẹnì kan bá dá a padà pẹ̀lú àṣìṣe eyín kan péré, dígírì 6 ló fi yẹ̀ lára pọ́ǹpù, dígírì 12 lára kíráńkì, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ dígírì 2 ti tó láti yí ohùn ẹ́ńjìnnì padà. Ìdí nìyí tí mẹkáníìkì gidi fi ń wá àmì lára eyín kó tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì.

Kí ló wá dé tí jíà náà kì í fẹ́ jáde? Ẹ rántí àáké ilé wa. Ìrù irin rẹ̀ tín-ín-rín lọ, a sì kì í bọ inú orí èèkù igi. Bí a ṣe ń la igi tó ni irin ń wọlé sí i. Bẹ́ẹ̀ ni orí ọ̀pá pọ́ǹpù rí: ó tín-ín-rín lọ síwájú, inú jíà náà sì rí bákan náà. Nọ́ọ̀tì á fún jíà mọ́ ọn, irin á sì di irin mú. Lára àwọn pọ́ǹpù kan, irin kékeré kan bí ìlàjì òṣùpá tún wà láàárín àwọn méjèèjì. William Woodruff ará Amẹ́ríkà ló ṣẹ̀dá rẹ̀. Kíì ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é, ṣùgbọ́n kò ṣílẹ̀kùn kankan.

Ẹ́ńjìnnì Cummins B oní-lítà 5.9, tó wà nínú ọkọ̀ Dodge láti 1989, fi ìyàtọ̀ náà hàn kedere. Pọ́ǹpù Bosch VE tó kọ́kọ́ lò ní kíì. P7100 tó rọ́pò rẹ̀ láti 1994 sí 1998 kò ní. Dídì-mú irin nìkan ló ń ṣọ́ àsìkò. Ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ́, yóò gbé pístìnnì àkọ́kọ́ dé òkè pátápátá, yóò ti pọ́ǹpù pa kó má yí, yóò sì tú nọ́ọ̀tì láti ojú ihò iwájú. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀ o, torí inú àpótí jíà ló ń já sí, àwárí rẹ̀ a sì di iṣẹ́ mìíràn. Ihò méjì wà lára jíà fún bóòtù púlà. Bóòtù àárín á tẹ orí ọ̀pá, jíà á sì já lójijì pẹ̀lú ìró gbà! tó lè dẹ́rù ba àlejò. Ẹni tó bá fi òòlù gbá a lè kán eyín tàbí kó ba béárìn inú pọ́ǹpù jẹ́, owó púlà ọ̀sán kan ò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn. Ohun tí mo sọ fún oníbúrẹ́dì wa nìyẹn: kó sanwó, kó sì dúpẹ́.

Ìgbà ìdápadà ló tún gba sùúrù jù. Wọ́n gbọ́dọ̀ nu orí ọ̀pá àti inú jíà títí kò fi sí òróró kankan níbẹ̀, nítorí òróró kò ní jẹ́ kí irin di irin mú. Nọ́ọ̀tì P7100, 195 Nm ni wọ́n ń fún un dé. Bí jíà bá yọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, àmì eyín á ṣì bára mu lójú, táímìn á sì ti lọ.

Ayé tún ti yí sí i. Láti àárín ọdún 1990 ni wọ́n ti ń gbé irú ẹ́ńjìnnì mìíràn jáde, tí pọ́ǹpù kàn ń kó epo alágbára jọ sínú ọ̀pá kan, tí kọ̀ǹpútà sì ń pàṣẹ fún nọ́sù kọ̀ọ̀kan ìgbà tí yóò ṣí. Cummins B fúnra rẹ̀ ti wọ ọ̀nà náà láti 2003. Lára ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, mẹkáníìkì lè dá jíà pọ́ǹpù padà síbikíbi tí eyín bá ti wọnú eyín, kò sí àmì tó ń wá. Púlà ṣì ni wọ́n fi ń fà á jáde.