Ìbejì Tí Wọ́n Pín Níyà ní Kumasi

Ní ọdún 1959, wọ́n kó ẹ̀ka ẹ̀kọ́ òwò kúrò nínú ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó wà ní Kumasi, wọ́n gbé e lọ sí Achimota, nítòsí Accra. Ìlà kan péré ni ọ̀rọ̀ yìí sábà máa ń gbà nínú ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ náà. Èmi kì í lè fò ó. Nígbàkúùgbà tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń jà lórí ẹ̀ka tó yẹ kí wọ́n ra kọ̀ǹpútà fún, 1959 ni ọkàn mi máa ń lọ.

Oṣù Kìíní ọdún 1952 ni Kumasi College of Technology bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú 200 akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ olùkọ́ tí wọ́n kó wá láti Achimota. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, ẹ̀ka iṣẹ́ ẹnjiníà àti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ òwò ṣílẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìbejì. Àmọ́ bí ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣe ń gbòòrò, wọ́n pinnu pé sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ nìkan ni wọn yóò máa kọ́ níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ṣí lọ sí Winneba ní 1958. Ẹ̀kọ́ òwò tẹ̀lé wọn jáde lọ́dún kejì, ó sì di ìpìlẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣàkóso tó wà ní Yunifásítì Gánà, Legon. Nígbà tí College náà di yunifásítì ní 1961, Táyé nìkan ló kù nílé.

N kò ní pe àwọn tó ṣe é ní òpè. Orílẹ̀-èdè tó gbòmìnira ní 1957, tó ń múra àtikọ́ ìdídò Akosombo, mọ̀ pé ẹnjiníà ló wọ́n òun jù. Ṣùgbọ́n Kumasi ni wọ́n ti ṣe é! Ìlú tí ọjà rẹ̀ wà lára àwọn tó tóbi jù lọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí obì ti ń gba ibẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Haúsá láti ayébáyé, tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ wa ti pàtẹ kí ìjọba Busia tó lé wọn ní òpin 1969.

Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kò mọ ìpínyà yẹn. Ní 1951, kí College náà tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ilé-iṣẹ́ Lyons tó ń ta tíì àti àkàrà òyìnbó ní Lọ́ńdọ̀nù ti kọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀, LEO, tó fi ń ṣírò owó ibi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, American Airlines àti IBM gbé Sabre kalẹ̀, tó ń fi kọ̀ǹpútà pín ìjókòó ọkọ̀ òfuurufú fún èrò. Èmi tilẹ̀ fẹ́ràn ti VisiCalc jù, ìwé ìṣirò orí kọ̀ǹpútà tó jáde ní 1979. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ òwò ní Harvard, Dan Bricklin, ló ronú kàn án. Ó rí i nínú kíláàsì pé bí olùkọ́ bá yí nọ́ńbà kan padà lójú pátákó, gbogbo èyí tó so mọ́ ọn ló gbọ́dọ̀ tún ṣírò. Ó sì ti mọ kọ̀ǹpútà lò kó tó débẹ̀. Ìmọ̀ méjèèjì pàdé nínú orí kan ṣoṣo. Ìpàdé yẹn ni Kumasi yọ̀ǹda ní 1959.

Àìní rẹ̀ kò pẹ́ hàn. Yunifásítì náà dá Technology Consultancy Centre sílẹ̀ ní 1972, ó sì bá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Suame Magazine ṣiṣẹ́. Ní Suame, kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ nìkan kò tó. Èló ni? Ta ni yóò rà á? Níbo ni owó ìbẹ̀rẹ̀ yóò ti wá? Lẹ́yìn ọdún 2000 ni yunifásítì náà tó tún ní ilé-ẹ̀kọ́ òwò tirẹ̀.

Mo jókòó rí nínú ìpàdé kan, ní ilé-ẹ̀kọ́ tí n kò ní dárúkọ, níbi tí a ti ń pín kọ̀ǹpútà tuntun. Òwò àti ìrìn-àjò afẹ́ ni ẹ̀ka tiwa ń kọ́. Alága bi wá, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o, pé kí ni àwọn tó ń kọ́ ìtọ́jú àlejò fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe. Mo dárúkọ gbígba yàrá òtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀, ìṣirò owó oṣù, àkọsílẹ̀ ọjà. Wọ́n gbọ́. Gbogbo ẹ̀rọ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹnjiníà, wọ́n sì ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa wá lò ó ní Sátidé, láti aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Iná kì í sábà sí ní Sátidé.