Ìdí-Igi àti Orí-Ò-Jorí: Àyẹ̀wò Ìdájọ́ Dawodu àti Danmole

Bí baálé ilé kan nílẹ̀ Yorùbá bá kú láìṣe ìwé ìhágún, tí ó sì fi ìyàwó àti ọmọ púpọ̀ sílẹ̀, ọ̀nà méjì ni àṣà mọ̀ fún pípín ogún rẹ̀. Èkíní ni ìdí-igi, èyí tí a fi ń pín ohun ìní olóògbé sí iye ìyàwó tí ó bímọ fún un, kí àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan tó wá pín ìpín tiwọn láàárín ara wọn. Èkejì ni orí-ò-jorí, níbi tí a kò ti ní wo ti ìyá rárá, tí gbogbo ọmọ yóò gba ìpín ọgbọọgba. Inú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tí ó jẹ yọ láti inú ìdílé ọkùnrin kan tí ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, ni ilé ẹjọ́ ti pinnu èyí tí ó jẹ́ òfin nínú méjèèjì.

Adájọ́ tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà nílùú Èkó gbè sẹ́yìn orí-ò-jorí. Ó ní ìdí-igi lòdì sí òdodo, ẹ̀tọ́ àti ẹ̀rí-ọkàn rere, èyí tí í ṣe òṣùwọ̀n tí òfin ilé ẹjọ́ ọdún 1876 fún àwọn adájọ́ amúnisìn láti fi wọn àṣà ìbílẹ̀. Ní 1958, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí ìdájọ́ yìí padà, Privy Council, ilé ẹjọ́ ìkẹyìn nígbà náà ní Lọ́ńdọ̀nù, sì fọwọ́ sí i ní 1962, pẹ̀lú àlàyé pé a kò gbọ́dọ̀ fi ìwà àwùjọ tí ń fẹ́ ìyàwó kan ṣoṣo díwọ̀n ẹ̀tọ́ láwùjọ olórogún. Àlàyé náà mọ́gbọ́n dání, ó sì yani lẹ́nu díẹ̀ pé Lọ́ńdọ̀nù ló ti wá.

Ṣùgbọ́n ohun tí ìdí-igi ń ṣe nínú ilé kì í ṣe ohun kékeré. Ká ní ilé oníyàrá ogún ni olóògbé fi sílẹ̀, tí ìyàwó mẹ́rin sì bí ọmọ márùn-ún, méjì, ọ̀kan àti ọ̀kan fún un. Yàrá márùn-ún ni yóò kan ìdí kọ̀ọ̀kan: ọmọ tí ó dá wà nídìí ìyá rẹ̀ yóò gba márààrún, nígbà tí àwọn ọmọ ìyá márùn-ún yóò gba yàrá kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ orí-ò-jorí ni, yàrá méjì àti díẹ̀ ni yóò kan olúkúlùkù.

Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn náà rí ìṣòro yìí, nítorí ó fi kún un pé bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ lórí ọ̀nà ìpín, olórí ẹbí lè pàṣẹ pé kí a lo orí-ò-jorí. Ibí gan-an ni ìdájọ́ náà ti mẹ́hẹ. Olórí ẹbí, tí ó sábà máa ń jẹ́ dáwódù, ìyẹn àrólé ọkùnrin tí ó dàgbà jù, wá láti ìdí kan nínú àwọn ìdí wọ̀nyí, ọ̀bẹ kì í sì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ìdájọ́ náà fún un ní agbára, kò sì sọ ohun tí yóò fi wọn ọ̀ràn náà.

Àwọn adájọ́ tí ó ṣáájú kò bẹ̀rù láti jẹ́ kí àṣà yí padà. Nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1908, ilé ẹjọ́ gbà pé ọmọbìnrin tí ó dàgbà jù lè di olórí ẹbí l'Ékòó, ó sì tẹnu mọ́ ọn pé àṣà ìbílẹ̀ a máa tẹ̀ síbi tí ìgbà bá tẹ̀ sí. Ohun tí ó kan opó nìkan ni ó le koko. Ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu ti 1957 sọ pé aya kò lè jogún ọkọ nítorí pé òun fúnra rẹ̀ wà lára ohun tí a ń jogún, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ sì tún ọ̀rọ̀ náà sọ ní 1997 nínú ẹjọ́ Akinnubi, ọ̀rọ̀ tí ó tini lójú ní ọdún 1957, kí a má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ogójì ọdún lẹ́yìn náà. Nípa bẹ́ẹ̀, orúkọ ìyá ni ìdí-igi fi ń pín ogún, ìyá fúnra rẹ̀ kò sì ní ìpín kankan níbẹ̀.

Kò sí ìdí láti fagi lé ìdí-igi. Ohun tí ó yẹ kí adájọ́ tí irú ẹjọ́ yìí bá tún dé iwájú rẹ̀ ṣe ni kí ó ní kí olórí ẹbí sọ ìdí tí ó fi yan ọ̀nà tí ó yàn, kí ó sì wọ́gi lé ìpinnu náà bí ó bá hàn pé ìdí ìyá tirẹ̀ nìkan ni ó jèrè níbẹ̀.