Ìtapadà Ojú Irin Nínú Súìṣì: Bí A Ṣe Ń Wọ̀n Ọ́n àti Bí A Ṣe Ń Dín Ín Kù

Ìfáárà

Ẹni tó bá so bọ́tìnnì mọ́ pátákó kọ̀ǹpútà kékeré Arduino, tó sì ní kó máa ka iye ìgbà tí òun tẹ̀ ẹ́, lè tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan kí ó ka mẹ́ta. Ẹ̀rọ kò ṣìṣirò. Súìṣì ló ń wí àwítúnwí. Ohun tí a pè ní ìtapadà níhìn-ín nìyẹn. Èrò wa ni pé kí a kọ́kọ́ wọn súìṣì tó wà lọ́wọ́ kí a tó wá oògùn rẹ̀.

Ohun tó ń fà á

Irin méjì ló ń pàdé nínú súìṣì. Bí bọ́ọ̀lù tó já lu sìmẹ́ǹtì ni wọ́n ṣe ń ta: wọ́n á kanra, wọ́n á yà, wọ́n á tún kanra, kí wọ́n tó fìdí múlẹ̀. Mílísẹ́kọ́ǹdù mélòó kan péré ni èyí sábà máa ń gbà, ojú ẹni kò sì lè tó o. Ṣùgbọ́n aago inú Arduino Uno ń lù ní ìgbà 16,000 láàárín mílísẹ́kọ́ǹdù 1, nítorí náà ó ń rí gbogbo rẹ̀. Níbi tí iná bá ti lágbára, irin tó ń ta padà a máa ṣáná, iná náà a sì máa jẹ ojú irin, tàbí kó lẹ̀ wọ́n pọ̀.

Ìdánwò

A ó fi resístọ̀ 10 kΩ so ẹsẹ̀ kan súìṣì mọ́ 5 V, a ó sì so ẹsẹ̀ kejì mọ́ gíráǹdù. Ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ ni oscilloscope, ẹ̀rọ tó ń ya ìlà ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ iná, yóò máa ṣọ́. Bí a bá tẹ súìṣì, ìlà ojú oscilloscope kò ní já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Yóò rí gánnagànna bí eyín òòyà. Láti eyín àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn ni àkókò ìtapadà. Ìtẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan kò tó: a ó tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, a ó tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan, a ó sì wọn ìgbà tí a bá fi í sílẹ̀ pẹ̀lú.

Jack Ganssle, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, dán oríṣi súìṣì 18 wò, ó tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìgbà 300. Nínú 16 lára wọn, ìpíndọ́gba ìtapadà jẹ́ nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdù 1.6, èyí tó gùn jù sì jẹ́ 6.2. Ṣùgbọ́n súìṣì kan ta padà fún mílísẹ́kọ́ǹdù 157. Méje nínú wọn ló sì máa ń ta pẹ́ nígbà ìfisílẹ̀ ju ìgbà ìtẹ̀ lọ.

Ọ̀nà ìdínkù

Àkọ́kọ́ ni resístọ̀ àti kapásítọ̀: 10 kΩ àti 1 µF fún wa ní ìdúró bíi mílísẹ́kọ́ǹdù 10. Nítorí pé iná orí kapásítọ̀ ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ẹ fi 74HC14, ṣíìpù Schmitt trigger, tẹ̀lé e. Ìwọ̀n tó fi ń gba ìgòkè yàtọ̀ sí èyí tó fi ń gba ìsọ̀kalẹ̀, nítorí náà kì í ṣiyèméjì láàárín.

Èkejì bá súìṣì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta mu: géètì NAND méjì tí a so kọ́ra. Ìfarakàn àkọ́kọ́ ló ń dájọ́, nítorí pé irin tó ń ta kì í ta padà dé ẹ̀gbẹ́ kejì. Kò ní ìdúró kankan nínú.

Ẹ̀kẹta kò náni ní kọ́bọ̀: kí ètò kọ̀ǹpútà máa wo súìṣì ní mílísẹ́kọ́ǹdù 1 sí 1, kó má gba ìyípadà títí ìwò 10 yóò fi bá ara wọn mu léraléra.

Ìkádìí

Ìdúró mílísẹ́kọ́ǹdù 10 tó fún súìṣì tí ìtapadà rẹ̀ kò ju 6.2 lọ, ṣùgbọ́n kò lè gba ẹni tó ra èyí tó ń ta fún 157. A rọ ẹ̀yin olùkọ́ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ yín kọ́kọ́ fojú ara wọn rí eyín òòyà yẹn, kí wọ́n ka gígùn rẹ̀, kí wọ́n tó kọ ìlà kan nínú ètò wọn.