Àtúnṣe àwọ̀ fún ìtẹ̀wé dígítà

Iṣẹ́ mímú kí àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ àwòrán orí kọ̀ǹpútà bá ohun tí ẹ̀rọ yóò tẹ̀ jáde mu. Iná pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù ni ojú kọ̀ǹpútà ń lò. Íǹkì cyan, magenta, yẹ́lò àti dúdú ni ti ẹ̀rọ. Nítorí náà, aṣọ kẹ́ńtè tó ń tàn yòò lójú kọ̀ǹpútà lè ṣú lórí bébà.

Ní Accra, ní Ghana, àtúnṣe àwọ̀ fọ́tò ti wà ṣáájú kọ̀ǹpútà. James Barnor, ayàwòrán tí wọ́n bí níbẹ̀ ní 1929, kọ́ fífọ fọ́tò aláwọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì padà wálé ní nǹkan bí 1970 láti dá ilé ìfọfọ́tò aláwọ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Ghana. Fíltà aláwọ̀ ni irú ilé bẹ́ẹ̀ fi ń tún àwọ̀ ṣe.

Nínú ìtẹ̀wé dígítà, ara adúláwọ̀ ló gba ọgbọ́n jù. Bébà máa ń fa íǹkì mu, ibi tó dúdú á sì tún dúdú sí i. Ẹni tó bá mú kí gbogbo àwòrán mọ́lẹ̀ sí i yóò sọ ojú ènìyàn di eérú. Ìmọ́lẹ̀ àárín, ibi tí kò dúdú jù tí kò sì mọ́lẹ̀ jù, nìkan ni kí ó gbé sókè. Kí ó kọ́kọ́ tẹ ẹyọ kan sórí bébà tí yóò lò gan-an, kí ó sì wò ó lójú ọ̀sán.