Òkè Tó Sọ Ogun Lórúkọ

Bí ẹ bá wá Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà lórí Instagram, omi lẹ máa rí: omi funfun tó ń já bọ́ láti orí àpáta, àwọn ọ̀dọ́ tí aṣọ wọn ti tutù rinrin, fóònù nínú ọ̀rá. A ò bá ẹnikẹ́ni wí, àwa náà ti ya tiwa. Àmọ́ ẹ ṣí máàpù tó ń fi gíga ilẹ̀ hàn, kí ẹ wo ohun tó wà lẹ́yìn omi yẹn. Olúmirìn kò dá dúró lórí òkè kan ṣoṣo. Ọ̀wọ́ òkè ni, ó nà láàárín Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Ìkògòsì ńbẹ lára rẹ̀, Ẹ̀fọ̀n Aláayè ńbẹ lórí rẹ̀, ó sì ń lọ sókè títí dé agbègbè Òkè-Ìmẹ̀sí àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Ní apá òkè yẹn ni wọ́n ti ja ogun Kírìjì.

Òkúta tó pọ̀ jù lára òkè náà ni àwọn onímọ̀ ń pè ní quartzite. Yanrìn ni nígbà kan rí. Ilẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ooru sè é, ó wá le ju àwọn òkúta tó yí i ká lọ. Òjò fọ èyí tó rọ̀ lọ, èyí tó le dúró. Ìpele méje ni omi Olúmirìn ní. Wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì ṣe àtẹ̀gùn sí ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ bá kọjá ibẹ̀, gbòǹgbò igi àti òkúta lẹ máa dì mú. Èèyàn a máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà sórí ẹ̀.

Nígbà náà, Ìbàdàn ló ń jẹ gàba lórí Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Àwọn ajẹ́lẹ̀ wọn wà láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n sì ń ṣe bó ṣe wù wọ́n. Fábùnmi bínú ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ó pa ajẹ́lẹ̀. Bí ìlú lóríṣiríṣi ṣe para pọ̀ nìyẹn, wọ́n di Èkìtì Parapọ̀, Ìjẹ̀ṣà sì wà nínú ẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn kì í ṣe ẹran rírọ̀. Àwọn náà ló fọ́ ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ká ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840. Ní oṣù kọkànlá 1878, wọ́n tún na Ìlọrin, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà pọ̀ ní Ìkirun. Àwọn tó ń sá kó sínú odò Ọ̀tìn, ọ̀pọ̀ sì bómi lọ. Jálumi ni wọ́n ń pe ìjà yẹn.

Lẹ́yìn Jálumi ni Èkìtì Parapọ̀ fẹ̀yìn ti òkè. Ààrẹ Látòósà pàgọ́ sí apá Ìgbájọ, Èkìtì Parapọ̀ pàgọ́ sí apá Ìmẹ̀sí-Ilé, Ògèdèngbé ará Iléṣà sì wá di olórí ogun wọn. Àfonífojì ló wà láàárín. Ẹni tó bá fẹ́ kọlu ìkejì gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ ní gbangba, kó tún gun òkè ọ̀tá. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe ń mí ní Olúmirìn? Ẹ wá fi ìbọn sí i, kí ẹnì kan máa yìn ín sí yín látòkè.

Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà l'Ékòó ló tún dá kún un. Wọ́n fi ìbọn ìgbàlódé tí wọ́n ń ki ọta sí láti ẹ̀yìn ránṣẹ́ sílé, nígbà tí ṣakabùlà ṣì pọ̀ lọ́wọ́ Ìbàdàn. Bí ìbọn ńlá bá dún, àwọn òkè á gba ohùn náà, wọ́n á dá a padà: kí-rì-jì, kí-rì-jì. Òkè ló sọ ogun yẹn lórúkọ.

Àgọ́ wá di ìlú. Wọ́n kọ́lé, wọ́n ná ọjà, wọ́n bímọ síbẹ̀. Látòósà kú sí àgọ́ ní 1885. Àlùfáà Samuel Johnson àti Charles Phillips ló ń sáré láàárín wọn títí wọ́n fi ṣe àdéhùn àlàáfíà ní 1886. Apá kan nínú àdéhùn yẹn ṣì máa ń yà wá lẹ́nu: Ìgbájọ, Ọ̀tàn, Ìrèsì àti Àdá máa wà lábẹ́ Ìbàdàn, ẹni tí kò bá fẹ́ kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó rọrùn láti kó kúrò nílé baba ẹni? Síbẹ̀, ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká pátápátá.

Àtẹ̀gùn sìmẹ́ǹtì Olúmirìn ṣì wà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́. Amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ilé àgọ́ ogun ní tiwọn, òjò tó lé ní 130 ọdún sì ti rọ̀ lé e. Kiriji Memorial College ní Ìgbájọ gbé orúkọ náà dání, ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kò lè fi ibi tí àgọ́ wà han èèyàn. Àwọn àgbà tó mọ orúkọ òkè kọ̀ọ̀kan ló lè ṣe ìyẹn, wọn ò sì ní dúró dè wá títí. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ kọ̀ǹpútà ò ní àwíjàre: fóònù tí ẹ fi ya omi lè fi àmì sórí máàpù, ó sì lè gba ohùn bàbá tó ń sọ̀rọ̀ sílẹ̀. Láti Òṣogbo, ẹ gba Ìkirun, ẹ gba Àdá, Ìgbájọ ló kàn.