Òkúta Nàìjíríà tó ń jẹ́ orúkọ ìpínlẹ̀ kan ní Brazil

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ̀rọ̀ rí fún òkúta iyebíye kan tí wọ́n ń wà jáde ní Nàìjíríà.

Ní 1989, tourmaline kan tó ń tàn yinrin, tí àwọ̀ rẹ̀ dàbí omi òkun, dé ọjà àgbáyé láti ìpínlẹ̀ Paraíba ní Brazil. Wọ́n sọ ọ́ ní Paraíba. Ní 2001, irú rẹ̀ jáde láti Nàìjíríà.

Kí ló wà nínú rẹ̀?

Silicon àti ọ́síjìn ló so pọ̀ bí òrùka nínú tourmaline, silicon mẹ́fà nínú òrùka kọ̀ọ̀kan. Ní ìta àwọn òrùka yìí, àyè wà fún onírúurú mẹ́táàlì. Bàbà díẹ̀ tó bá wọ ibẹ̀ ló ń fún un ní àwọ̀ búlúù yẹn, èyí sì ṣọ̀wọ́n.

Báwo ló ṣe wà níbi méjì?

Ilẹ̀ Brazil àti Áfíríkà ti fìgbà kan lẹ̀ mọ́ ara wọn, kí òkun Àtìláńtíìkì tó pín wọn níyà.

Ní 2006, àwọn iléeṣẹ́ tó ń yẹ òkúta iyebíye wò fẹnu kò pé èyíkéyìí tí bàbà bá ti fún ní àwọ̀ náà lè jẹ́ Paraíba, ibi yòówù kó ti wá.

Síbẹ̀, àyẹ̀wò lè fi orírun rẹ̀ hàn. Ti Brazil ló sábà máa ń wọ́n jù. Òkúta Nàìjíríà gba orúkọ, ṣùgbọ́n kò gba iye tó bá orúkọ náà rìn.