Awòràwọ̀ Kọ́ Ni Onímọ̀ Ìràwọ̀

Àwa kì í gba ààwẹ̀ Ràmàdáànì láìwo oṣù. Síbẹ̀, bí ọmọ bá ní òun fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ ìràwọ̀, ilé mìíràn wà ní Ìdí-Àràbà yìí tí bàbá á ti pariwo pé, "A kì í ṣe awòràwọ̀ níbí!" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Awòràwọ̀ ní òun mọ ọ̀la. Onímọ̀ ìràwọ̀ ń wọn ohun tí Ọlọ́hun dá.

Ní nǹkan bí ọdún 964, Mùsùlùmí kan ní ilẹ̀ Páṣíà, Abd al-Rahman al-Sufi, kọ ìwé lórí ìràwọ̀. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìkúùkù kékeré kan wà lójú ọ̀run. Lónìí a mọ̀ pé agbo ìràwọ̀ ńlá ni, ó yàtọ̀ sí agbo tí oòrùn wa wà.

Àwọn agbo kéékèèké náà wà, tí wọn ò rí róbótó, tí wọn ò sì ní àwòrán kan pàtó. Ọ̀kan ni NGC 6822. Barnard rí i ní 1884. Ní 1925, Hubble fi hàn pé ó jìnnà kọjá agbo tiwa. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á rìn fún nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ọdún ó lé kó tó kàn wá.

Àwọn ìràwọ̀ pupa kan wà níbẹ̀ tí a lè pè ní eléèédú. Fadá Secchi ní Róòmù ló dá irú wọn mọ̀ láàárín ọdún 1860 sí 1870. Bí irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ bá darúgbó, èédú á máa jinná nínú rẹ̀, á ru sókè bí ìfófòó ọbẹ̀, á sì fẹ́ jáde sójú òfuurufú. Apá kan èédú tó wà nínú ara wa, àti nínú ẹ̀wà tí a fi ń dín àkàrà ìṣínu, ibẹ̀ ló ti wá. Ọ́síjìn ò pọ̀ nínú àwọn agbo kéékèèké yìí, nítorí náà kì í pẹ́ tí èédú fi ń borí rẹ̀. Ní 2002, Letarte àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka 904 irú wọn nínú NGC 6822.

Ẹ má sì rò pé iṣẹ́ òyìnbó lókè òkun nìkan ni. Awò ńlá kan wà ní Sutherland, ní Gúúsù Áfíríkà. Òun ni Patricia Whitelock àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣọ́ bí àwọn arúgbó ìràwọ̀ NGC 6822 ṣe ń mọ́lẹ̀, tí wọ́n tún ń ṣe bàìbàì. Wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2013, wọ́n sì fi ṣírò bí agbo náà ṣe jìnnà tó.

Ẹ̀yin òbí, ta ni wọ́n sọ àsọtẹ́lẹ̀ fún nínú gbogbo èyí? Kò sí. Wọ́n kà, wọ́n wọ̀n, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ọmọ yín bá tún béèrè, ẹ ní kó lọ tẹra mọ́ ìṣirò. Kí Ọlọ́hun fún wọn ní ìmọ̀ tó ṣàǹfààní. Àmín.